Ta Ló Ni Ín Gan-an? Amòfin Ẹjọ́ Ọ̀daràn Nídìí Ìwé Ilé-Iṣẹ́

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni irú òṣìṣẹ́ kan tí ó wà ní àwọn ọ́fíìsì amòfin ìlú Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tí àwọn ẹbí rẹ̀ nílé kì í sì í sábàá mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí: ọmọ Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ẹjọ́ ọ̀daràn rò ní Nàìjíríà, tí ó wá rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí paralegal ní ẹ̀ka òfin ilé-iṣẹ́. Paralegal ni ẹni tí ó kọ́ nípa òfin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ òfin lábẹ́ àbójútó amòfin, ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gba àṣẹ amòfin ní ilẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́; olùrànlọ́wọ́ amòfin ni a ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ. Òfin Iṣẹ́ Amòfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2007 ya iṣẹ́ mẹ́fà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó láṣẹ nìkan, sísọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ àti dídarí ẹjọ́ sì wà lára wọn, nítorí náà ẹni tí ó ti ń dìde sọ̀rọ̀ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́ yóò bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti lè máa la ẹnu níwájú adájọ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn tálákà tí ó wà ní àtìmọ́lé ni a ti mọ olùrànlọ́wọ́ amòfin jù, débi pé Òfin Ìrànlọ́wọ́ Lórí Ẹjọ́ ti 2011 fún Àjọ tí ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́ lórí ẹjọ́ láṣẹ láti fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwé-àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, àárín owó ńlá àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni púpọ̀ nínú wọn wà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìrẹ̀sílẹ̀ ni, pé ẹni tí ó ti wọ aṣọ dúdú àti irun funfun amòfin rí kò yẹ kí ó tún máa to fáìlì fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ó ń gbani síṣẹ́, máa ń wo ìrírí ẹjọ́ ọ̀daràn bí ohun tí kò wúlò fún òfin ilé-iṣẹ́. Èrò méjèèjì kù díẹ̀ káàtó, èkejì ni ó sì léwu jù, nítorí pé láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni òfin ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà, ti ń béèrè ìbéèrè tí ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn ti ń béèrè látayébáyé: ta ni ó wà lẹ́yìn nǹkan yìí, ẹ̀rí wo ni ó sì fi í hàn?

Ẹni tí ó bá ti ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn pẹ́ ti kọ́ ìwà kan tí kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́, ìwà náà ni pé kì í gba ìwé gbọ́ kìkì nítorí pé ó jẹ́ ìwé. Ẹ̀ka 36 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni a ó ka ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí títí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yóò fi hàn, ẹ̀ka 135 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ hàn kọjá iyèméjì tí ó bọ́gbọ́n mu. Ìwé tí ó máa ń wà láàrin gbùngbùn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí afurasí sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Agbẹjọ́rò yóò gbé ìwé náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò wo ọjọ́ àti aago tí ó wà lórí rẹ̀, yóò fi wọ́n wé ọjọ́ tí ìwé àtìmọ́lé fi hàn pé wọ́n mú afurasí náà wọlé, yóò wò ó bóyá ọwọ́ tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ lókè ni ó kọ ìyókù, yóò sì bi ara rẹ̀ bóyá irú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ ni awakọ̀ tí kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà lè sọ. Bí olùjẹ́jọ́ bá sọ pé ìyà ni wọ́n fi jẹ òun kí òun tó fọwọ́ sí i, adájọ́ yóò dá ẹjọ́ gan-an dúró, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí ìwé yẹn nìkan, èyí tí àwọn amòfin ń pè ní ìgbẹ́jọ́ inú ìgbẹ́jọ́. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ẹ̀sùn Ọ̀daràn ti 2015 gbìyànjú láti dín wàhálà yìí kù, nípa sísọ pé amòfin tí afurasí bá yàn lè wà níjòókòó nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, pé a sì lè gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sórí fídíò. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sinmi wíwo ìwé fínnífínní.

Nídìí òfin ilé-iṣẹ́, ìwé ni iṣẹ́ gan-an. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ra òmíràn, olùrànlọ́wọ́ amòfin ni yóò to gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà sínú yàrá fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn amòfin ìhà méjèèjì yóò ti máa yẹ̀ ẹ́ wò: ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀, orúkọ àwọn onípìn-ín, àdéhùn pẹ̀lú báńkì, àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn olùdarí, èyí tí Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti 2006 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n tọ́jú fún ọdún 10 ó kéré tán. Òun ni yóò kọ ìwé ìpinnu tí àwọn olùdarí yóò fọwọ́ sí, òun ni yóò pín ojú-ewé ìbuwọ́lù kiri, nígbà tí owó bá sì ti sọdá tán, òun ni yóò fi àwọn fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Companies House, àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí olú-ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Cardiff, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà yóò ti ṣe lọ́dọ̀ CAC, àjọ tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbẹ̀, ní Àbújá. Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń ya ẹni tí ó ti ẹjọ́ ọ̀daràn wá lẹ́nu ni pé ìwé ibẹ̀ ní agbára mìíràn. Ìwé inú ẹjọ́ ọ̀daràn ń sọ nípa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì lè purọ́ nípa rẹ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ ni ó ń mú kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ra ìpín, tí ó sanwó rẹ̀, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó rà á, kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lójú òfin títí wọn yóò fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, èyí sì bá ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn mu gan-an, níbi tí adájọ́ ti ń wo ojú ẹlẹ́rìí bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tuntun yìí, ojú ìwé ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdógò jẹ́ àpẹẹrẹ bí agbára yìí ṣe pọ̀ tó. Bí ilé-iṣẹ́ bá yá owó ní báńkì, tí ó sì fi dúkìá rẹ̀ dúró, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ọjọ́ 21 láti lọ fi orúkọ ìdógò náà sílẹ̀ ní Companies House, nígbà tí òfin Nàìjíríà, ìyẹn Òfin Ilé-Iṣẹ́ àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Jọ Mọ́ Ọn ti 2020, fún wọn ní ọjọ́ 90 lọ́dọ̀ CAC. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìsí ìforúkọsílẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà sì wó, báńkì kò lè fi ìdógò rẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yàn láti pín dúkìá náà, yóò sì tò mọ́ ẹ̀yìn bí àwọn tí kò gba ìdógò kankan, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá gbà láti sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹni tí ó ti rí i rí kí ẹjọ́ kan bàjẹ́ nítorí pé ìwé ẹ̀bẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ akọ̀wé ilé-ẹjọ́ mọ ohun tí ọjọ́ túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tí yóò ní láti kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ojú-ewé ìbuwọ́lù ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìrírí àtijọ́ àti iṣẹ́ tuntun ti pàdé ní gbangba. Ó ti di àṣà ní àwọn ọ́fíìsì òfin ilé-iṣẹ́ pé kí àwọn olùdarí tí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ buwọ́lu ojú-ewé ìkẹyìn ṣáájú, kí olùrànlọ́wọ́ amòfin sì pa àwọn ojú-ewé náà mọ́ títí àdéhùn yóò fi parí, kí ó tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù. Ìrọ̀rùn ni wọ́n wá, ewu sì wà nínú rẹ̀. Ní 2008, ẹjọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ Mercury Tax Group pè lórí Àjọ Owó-Orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Ètò kan láti dín owó-orí kù ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti buwọ́lu ìwé tí kò tíì pé, wọ́n sì yọ ojú-ewé ìbuwọ́lù náà, wọ́n so ó mọ́ ìwé mìíràn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti yí padà. Àjọ Owó-Orí fura pé jìbìtì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ láti tú ọ́fíìsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ọ̀ràn. Ohun tí adájọ́ sọ nípa ìbuwọ́lù nínú ìdájọ́ rẹ̀ ni pé, pàápàá fún irú ìwé tí òfin ní kí ẹlẹ́rìí fojú rí bí wọ́n ṣe buwọ́lù ú, ojú-ewé ìbuwọ́lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ara ìwé náà gan-an ní àkókò tí wọ́n buwọ́lù ú. Ìdájọ́ yìí ni ó mú kí ẹgbẹ́ àwọn amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí bí a ó ṣe máa buwọ́lu ìwé láti ọ̀nà jíjìn, ìtọ́sọ́nà tí olùrànlọ́wọ́ amòfin ń tẹ̀lé títí di òní nígbà tí ó bá ń ní kí olùdarí fi ojú-ewé tí ó buwọ́lù àti odidi ìwé náà ránṣẹ́ pọ̀ nínú ímeèlì kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́ tí ó jáde láti yunifásítì tààrà yóò rí ìlànà yìí bí òfin ọ́fíìsì lásán. Ẹni tí ó ti bi ọlọ́pàá léèrè rí nínú àpótí ẹlẹ́rìí nípa ojú-ewé kejì tí kò ní ìbuwọ́lù mọ ìdí tí ó fi wà, ó sì mọ ìbéèrè tí wọn yóò bi òun fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ kan bá pé.

Ohun mìíràn tí ó ṣòro fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti gbà ni pé ilé-iṣẹ́ jẹ́ ènìyàn lójú òfin. Ẹjọ́ Aron Salomon, tí a mọ̀ sí ẹjọ́ ọdún 1897, ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Oníbàtà ni Salomon ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ òwò rẹ̀ di ilé-iṣẹ́, òun nìkan ni ó ní ìpín 20,001 nínú 20,007, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òwò náà wó, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ pinnu pé gbèsè ilé-iṣẹ́ kì í ṣe gbèsè Salomon, nítorí pé ẹni ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń darí rẹ̀. Lójú amòfin ẹjọ́ ọ̀daràn, tí ó ti mọ́ lára láti wo ènìyàn ẹlẹ́ran-ara nínú àkámọ́ olùjẹ́jọ́, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni pé báwo ni ẹni tí kò ní ara tí kò sì ní ọkàn ṣe lè jẹ̀bi. Ní 1971, nínú ẹjọ́ Tesco àti Nattrass, wọ́n fẹ̀sùn kan ilé-ìtajà ńlá náà nítorí pé ìwé ìpolówó tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlú Northwich kéde ọṣẹ ìfọṣọ ní iye tí ó dín sí èyí tí wọ́n tà á fún oníbàárà. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan kò tó láti di ọkàn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ kò di ẹ̀ṣẹ̀ Tesco. Àbájáde èyí ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni ó ṣe ṣòro tó láti mú un sí ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí kò bójú mu rárá. Òfin lórí Ẹ̀ṣẹ̀ Ọrọ̀-Ajé àti Ìfihàn Ilé-Iṣẹ́ ti 2023 ti ń tún un ṣe: láti December 2023, bí ọ̀gá àgbà kan bá lo ipò rẹ̀ láti dá irú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ọrọ̀-ajé tí òfin náà kà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà lè jẹ̀bi pẹ̀lú rẹ̀, láti 1 September 2025 sì ni ilé-iṣẹ́ ńlá ti lè jẹ̀bi pé kò dènà jìbìtì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lù fún àǹfààní rẹ̀, àyàfi bí ó bá lè fi hàn pé ìlànà ìdènà tí ó yẹ wà nílẹ̀. Ìwé tí yóò fi ìlànà yẹn hàn, ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ amòfin ni yóò ti máa wá lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni ó wá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wá sílé. Ní July 2007, gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa tẹ́lẹ̀, Diepreye Alamieyeseigha, gbà pé òun jẹ̀bi níwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, tí ẹ̀sùn fífi ọ̀nà ẹ̀bùrú sọ owó ẹ̀ṣẹ̀ di owó mímọ́ wà lọ́rùn wọn; Santolina Investment Corporation àti Solomon & Peters wà lára àwọn orúkọ tí ẹjọ́ náà sọ di mímọ̀, dúkìá ní Lọ́ńdọ̀nù sì wà lábẹ́ wọn. Ní 2013 ni ìjọba dárí jì í. Kí ẹni tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà fi ojú inú wo ẹ̀yìn rẹ̀: irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnìkan ni ó kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹnìkan ni ó to àkọsílẹ̀ ìpàdé rẹ̀ sínú fáìlì, ẹnìkan ni ó fi orúkọ olùdarí tí wọ́n kàn yá lò síbi tí ó yẹ kí orúkọ olówó wà, gbogbo wọn sì lè ti ṣe iṣẹ́ wọn láìbéèrè nǹkankan, nítorí pé òfin ìgbà náà kò fi tipátipá ní kí wọ́n béèrè.

Òfin ti ń béèrè báyìí. Láti April 2016 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ilé-iṣẹ́ sọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó ní ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín tàbí ìbò lọ, tàbí tí ó ń darí rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Òfin Nàìjíríà ti 2020 le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìdá 5 péré ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n, èyí sì yẹ fún ìyìn. Láti November 2025 ni Companies House ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí olùdarí àti ẹni tí ó ń darí láti ẹ̀yìn fi ẹ̀rí hàn pé àwọn ni àwọn ń jẹ́ orúkọ tí àwọn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò lè fura. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ọdún 22 kan ni ó ni gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ra ilé ńlá, fọ́ọ̀mù yóò gbà á bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ti pé; olùrànlọ́wọ́ amòfin tí ó ti rí i rí nílé-ẹjọ́ bí ènìyàn ṣe ń fi orúkọ ọmọ tàbí orúkọ awakọ̀ rẹ̀ pa owó mọ́ ni yóò bi í léèrè ibi tí owó náà ti wá.

Ibẹ̀ gan-an ni ohun tí ó le jù nínú ìyípadà yìí wà, ó sì kan ẹ̀rí ọkàn. Ẹni tí ó gba ẹjọ́ ọ̀daràn rò ti fi àṣírí oníbàárà ṣe òpómúléró iṣẹ́ rẹ̀: ohun tí oníbàárà bá sọ fún un nínú yàrá àbẹ̀wò ọgbà ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ni ó parí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọdọ̀ parọ́ fún adájọ́. Òfin lórí Èrè Ẹ̀ṣẹ̀ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2002 yí ọ̀rọ̀ náà padà fún ẹni tí ó ń bá ènìyàn ra ilé-iṣẹ́ tàbí tà á. Ẹ̀ka 330 sọ pé bí ó bá mọ̀, tàbí tí ó fura, tàbí tí ó yẹ kí ó ti fura pé owó ẹ̀ṣẹ̀ wà nídìí òwò náà, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá tí ọ́fíìsì yàn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sì lè dúró de ẹni tí kò sọ. Ẹ̀ka 333A sì sọ pé kò gbọdọ̀ ta oníbàárà lólobó pé ẹjọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Òfin ṣì dá ààbò bo ìmọ̀ràn òfin tí a gbà ní àṣírí, ṣùgbọ́n ààbò náà kò gba gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì mọ́ra. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin tí ó dènà irú owó bẹ́ẹ̀ ní 2022 ka àwọn amòfin mọ́ àwọn tí ó gbọ́dọ̀ mọ oníbàárà wọn dáadáa, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn amòfin fi bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ náà nílé-ẹjọ́. Ẹni tí ó bá ti ẹjọ́ ọ̀daràn wá lè kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń sọ òun di amí. Èrò náà yé ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, nítorí ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tán, agbẹjọ́rò rẹ̀ nìkan ni ó kù fún un, nígbà tí ẹni tí ó wá ra ilé-iṣẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tí ó sì ń wá orúkọ rere ọ́fíìsì náà láti fi bo owó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí ó ti ẹjọ́ ọ̀daràn wá gbọ́dọ̀ kọ́ láti fi sílẹ̀: ìjà. Ní ilé-ẹjọ́, amòfin kejì ni ẹni tí a fẹ́ borí. Nídìí àdéhùn, amòfin kejì ni ẹni tí a jọ fẹ́ kí iṣẹ́ parí, ìbéèrè tí ó bá sì dùn ún bí ìbéèrè fún ẹlẹ́rìí lè ba òwò jẹ́ fún ìhà méjèèjì. Ìfura yẹ níbi tí owó àti orúkọ ti ń wọlé. Kò yẹ lórí gbogbo gbólóhùn inú àdéhùn.

Nípa ti ipò, kò sí ìdí láti fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀. Ó ń dun àgbàlagbà kí ẹni tí ó tó ọmọ rẹ̀ máa tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ní ọ́fíìsì tí tọmọdé tàgbà ti ń fi orúkọ àbísọ pe ara wọn. Ọ̀nà àbájáde wà níbẹ̀: láti 2021 ni ìdánwò SQE ti di ọ̀nà láti di amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó sì ti jẹ́ amòfin nílé kò ní láti tún ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ṣe ọlọ́dún méjì kí ó tó gba àṣẹ amòfin. Nínú ìpele kìíní ìdánwò náà, ìwé ìbéèrè méjì ni ó wà, ìbéèrè 180 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin ilé-iṣẹ́ wà nínú ìkíní, òfin ọ̀daràn wà nínú èkejì, nítorí náà apá kan nínú ohun tí ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣàjèjì sí i.

Títí di ọjọ́ tí yóò gba àṣẹ náà, ẹrù tí ó kù wà lọ́rùn àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, tí wọ́n sì ní kí ó máa di ìwé kí ó máa fi nọ́ńbà sí ojú-ewé láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n ti ra ojú, wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó. Ibi tí ìwé oníbàárà tuntun kọ́kọ́ ń dé ni ó yẹ kí tábìlì rẹ̀ wà, kí ó máa ka àtẹ àwọn onípìn-ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó máa fi ọjọ́ ìpàdé wé ọjọ́ ìbuwọ́lù, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n dá àdéhùn dúró fún ọjọ́ kan títí ìdáhùn yóò fi dé sórí ohun tí ó béèrè.